Ẹ̀wà Nàìjíríà àti Oògùn Dichlorvos: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Tó Mú Kí Yúróòpù Ti Ìlẹ̀kùn

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2015, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí òfin pàjáwìrì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2015/943, èyí tí ó fòfin de kíkó ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà wọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tó wà nínú àjọ náà. Kì í ṣe pé ẹ̀wà náà hu, tàbí pé òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kan tí ń jẹ́ dichlorvos, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí DDVP, ni wọ́n bá lára rẹ̀, wọ́n sì ń bá a léraléra. Nínú àwọn ẹrù tí wọ́n dá padà, ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 mílígíráàmù nínú kílò ẹ̀wà kan títí dé 4.6 mílígíráàmù, nígbà tí ohun tí òfin wọn fàyè gbà kò ju 0.01 lọ. Kí òfin náà tó jáde ni ẹ̀wà wa ti wà nínú àkójọ àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè Yúróòpù gbọ́dọ̀ túbọ̀ máa yẹ̀ wò fínnífínní, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà kò mú ìyípadà kankan wá.

Ọdún kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òfin náà. Nígbà tí ọdún náà fẹ́ pé, wọ́n fà á gùn títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2019, nítorí pé wọ́n ṣì ń rí oògùn náà nínú ẹ̀wà tó ń ti ọ̀dọ̀ wa wá. Nígbà tí ọdún 2019 dé, wọ́n tún fà á di ọdún 2022. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú àjọ náà lọ́dún 2015, nítorí náà òfin yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ta oúnjẹ ilé ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn láti fi se mọ́ínmọ́ín àti láti fi dín àkàrà. Orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀wà yìí jù lọ ní gbogbo ayé ni wọ́n ní kó má gbé e wá mọ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àkọsílẹ̀ tó kún ni pé, tí a bá wo ìwé àwọn onímọ̀, dichlorvos wà lára àwọn oògùn apakòkòrò tó ń yára pòórá jù lọ. Àwọn onímọ̀ máa ń fi iye àkókò tí ìdajì oògùn fi ń túká wọn bí ó ti ń pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí a pe ìyẹn ní àkókò ìdajì. Àkókò ìdajì dichlorvos nínú ilẹ̀ kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lọ nínú àwọn àyẹ̀wò kan, nínú àwọn mìíràn ó jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi èyí wé lindane, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ sí Gammalin 20, tí àwọn kan tún ń dà sínú odò láti fi pa ẹja: ìdajì rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ti DDT, oògùn apakòkòrò mìíràn, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àkókò ìdajì tirẹ̀ nínú ilẹ̀ wà láàárín ọdún méjì sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn oògùn tó ń pẹ́ nílẹ̀ bí ìwọ̀nyí ni ayé pa ìmọ̀ pọ̀ láti gbógun tì. Dichlorvos kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn rárá. Báwo wá ni oògùn tí ilẹ̀ ń jẹ run láàárín ọjọ́ díẹ̀ ṣe bá ẹ̀wà rìn láti àríwá Nàìjíríà, tó gba ọjà kọjá, tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó sì tún wà níbẹ̀ kí wọ́n bá a nílé àyẹ̀wò ní Yúróòpù?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń pa oògùn náà run. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́: dichlorvos jẹ́ oògùn olómi tó ń yára di ooru, àní ooru yìí gan-an ló fi ń pa kòkòrò, ìdí sì nìyí tí òórùn rẹ̀ fi máa ń gba inú ilé kan ní kété tí a bá ṣí ìgò rẹ̀. Ẹ̀kejì ni omi, nítorí pé omi a máa la oògùn náà sí méjì, àwọn ègé tó bá sì ṣẹ́ kù kì í ní agbára tí odindi rẹ̀ ní láti pa kòkòrò. Bí omi náà bá ṣe rí ló ń sọ bí yóò ṣe yára tó. Ní ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àkókò ìdajì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá àbọ̀ nínú omi tó kan díẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún nínú omi lásán, àti wákàtí mọ́kànlélógún péré nínú omi tó dà bí omi eérú. Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí, tí wọ́n kún inú ilẹ̀, tí wọ́n ń fi oògùn náà ṣe oúnjẹ.

Nínú oko, àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn ń ràn, atẹ́gùn ń fẹ́, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ sì kún fún ohun ẹlẹ́mìí. Ewé tí a fín ní oògùn ń dàgbà, bí ó sì ti ń fẹ̀ sí i ni ìwọ̀n oògùn tó wà lára rẹ̀ ń fọ́n káàkiri. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé fi kéré tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilẹ̀ ni, kì í ṣe nọ́ńbà àpò ẹ̀wà.

Ẹ wá wo inú àpò ẹ̀wà kan tí a gbé sí ìsàlẹ̀ àádọ́ta àpò mìíràn nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀wà tí a gbẹ dáadáa kò ní ju nǹkan bí ìpín mẹ́wàá sí méjìlá omi nínú ọgọ́rùn-ún lọ, omi kékeré náà sì ti so mọ́ ara hóró rẹ̀, nítorí náà omi tí ì bá la oògùn náà sí méjì kò sí. Ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ilẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí pé ìdí tí a fi gbẹ ẹ̀wà gan-an ni pé kí irú wọn má baà rí ibi gbé. Oòrùn kò dé ibẹ̀. Atẹ́gùn kò fẹ́ sí i. Ooru oògùn tó bá kúrò lára hóró kan yóò lẹ̀ mọ́ hóró tó tẹ̀ lé e, pàápàá bí wọ́n bá ti fi ọ̀rá bo inú àpò náà tàbí tí wọ́n ti kó o sínú kọ̀ǹténà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí ọkà inú ilé ìpamọ́ fi hàn pé ní ìwọ̀n ooru 30, nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tí ó lè gbà, àkókò ìdajì dichlorvos lára ọkà jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ibẹ̀ bá tutù sí i tàbí bí ọkà náà bá gbẹ sí i, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn kan náà ni o, tí ìdajì rẹ̀ lè lọ nínú ilẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́wàá.

Èyí ni kókó tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ta oògùn yìí àti ẹni tó ń lò ó mọ̀ dájú. Kì í ṣe oògùn nìkan ló ń pinnu bí yóò ti yára tú tó. Ibi tí a dà á sí ń bá a pinnu. Ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò pé oògùn yìí kì í pẹ́, tí kò sì béèrè ibi tí onítọ̀hún fẹ́ lò ó sí, ìdajì òótọ́ ló sọ, ìdajì òótọ́ yẹn sì lè pa ènìyàn lára.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí pé ìṣirò náà ń fi ohun tí ọ̀rọ̀ lásán kò lè fi hàn hàn. Igò kékeré 100 mílílítà tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà wa nígbà náà, tí àmì ara rẹ̀ sọ pé oògùn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 1000 gíráàmù nínú lítà kan, ní 100 gíráàmù dichlorvos nínú. Bí àpò ẹ̀wà kan bá jẹ́ 100 kílò, òfin Yúróòpù kò gbà kí ó ju mílígíráàmù kan ṣoṣo lọ nínú odindi àpò náà. Èyí túmọ̀ sí pé oògùn inú igò kékeré kan yẹn tó láti fi kún ọ̀kẹ́ márùn-ún àpò, ìyẹn 100,000 àpò, dé ẹnu ààlà òfin. Ká wá ní ẹnì kan da mílílítà márùn-ún péré, tí kò ju ìdérí igò lọ, sínú àpò kan, tó sì pò ó pọ̀ dáadáa. Yóò jẹ́ 50 mílígíráàmù nínú kílò kan. Bí ìdajì rẹ̀ bá ń lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, yóò di 25, yóò di 12.5, yóò di 6.25, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dínkù, kò sì ní wọ abẹ́ 0.01 títí ìdajì náà yóò fi lọ nígbà mẹ́tàlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn, ìyẹn ìdajì ọdún gbáko. Ẹrù tí wọ́n bá 4.6 lára rẹ̀ ní Yúróòpù ì bá tún nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún mìíràn kí ó tó yẹ lójú òfin.

Ìṣirò yìí tún jẹ́ kí a lóye ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí nínú ìròyìn náà. Láàárín 0.03 àti 4.6, èyí tó pọ̀ jù fi ìlọ́po tó ju 150 lọ ju èyí tó kéré jù. Ìyàtọ̀ tó fẹ̀ tó báyìí kì í ti ọwọ́ ẹni tó ń wọn oògùn bí ìwé ṣe wí wá. Iṣẹ́ ẹni tó ń fojú díwọ̀n ni. Síbẹ̀, nọ́ńbà tí ilé àyẹ̀wò kọ sílẹ̀ nìkan kò lè sọ ìtàn náà tán, nítorí pé ẹ̀wà tí a da oògùn púpọ̀ sí ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn àti ẹ̀wà tí a da ìwọ̀nba sí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè ní iye kan náà lára lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Ohun tó lè sọ ọ́ ni ìwé àkọsílẹ̀ tó bá ẹrù náà rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́: ta ni ó fín in, kí ni ó fín in pẹ̀lú, ọjọ́ wo ni, mélòó ni. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú òwò ẹ̀wà wa.

Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí àwọn oníṣòwò náà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà kì í ṣe kékeré. Kòkòrò ẹ̀wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Callosobruchus maculatus, kì í dúró de ẹ̀wà nínú ilé ìkẹ́rùsí. Láti oko ni abo rẹ̀ ti ń wá yé ẹyin sára pádi ẹ̀wà tó ti gbó, ìyẹn èèpo gígùn tí hóró wà nínú rẹ̀. Ìdin tó bá jáde láti inú ẹyin yóò gbẹ́ ihò wọ inú hóró, inú ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun tí yóò sì ti dàgbà, kò sì ní jáde títí yóò fi di kòkòrò tó ní ìyẹ́. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, gbogbo èyí kò gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, abo kan ṣoṣo sì lè yé ẹyin tó tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀wà tí kò ní ju ihò díẹ̀ lára nígbà tí wọ́n rà á lè di ìyẹ̀fun àti ìyẹ́ kòkòrò láàárín oṣù mẹ́ta. Oníṣòwò tó yá owó ra ọgọ́rùn-ún àpò nígbà ìkórè, tó ń retí pé owó rẹ̀ yóò gbéra kí ọdún tó yí, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Níbi yìí gan-an ni yíyára túká dichlorvos ti di okùnfà wàhálà. Ooru rẹ̀ ń pa kòkòrò tó ti jáde, tó ń rìn káàkiri lórí ẹ̀wà, àmọ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ìdin tó fara pamọ́ sínú hóró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdin yìí di kòkòrò, ó jáde, nígbà tí oògùn tó wà nínú àpò ti dínkù débi tí kò lè pa á mọ́. Ẹni tó ni ẹrù rí kòkòrò, ó gbà pé oògùn àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, ó tún da òmíràn sí i. Ìwọ̀n tí kò lè pa kòkòrò mọ́ yìí ṣì lè ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nítorí náà tuntun ń gorí àṣẹ́kù. Ẹ̀wà náà sì kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ń kúrò lóko ní Borno, Katsina tàbí Zamfara, ó ń gba ọjà ńlá bí Pọ́tískùm tàbí Dáwánàú ní Kánò kọjá, ó ń wọ tírélà lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn tàbí Mile 12 ní Èkó, ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ kó o lọ sókè òkun ti lè rà á. Alájàpá kọ̀ọ̀kan tó gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì lè da tirẹ̀ sí i láìmọ̀ pé ẹni ìṣáájú ti da tirẹ̀. Bí oògùn náà bá jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ láti pa kòkòrò ń pẹ́ lára ẹ̀wà ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn ì bá lò ó. Nítorí pé ó ń yára dínkù ni wọ́n ṣe ń dà á lé e lórí léraléra, kò sì sí ẹni tó ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n dà á sí i gbẹ̀yìn.

Àríyànjiyàn kan wà tí kò yẹ kí a fò dá. Àwọn kan ní Nàìjíríà sọ pé 0.01 ti le jù, pé Yúróòpù kàn fẹ́ fi dènà ọjà wa ni. Òótọ́ kan wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Láti ọdún 2007 ni Yúróòpù ti kọ̀ láti fi dichlorvos sínú àkójọ oògùn tí àgbẹ̀ wọn lè lò, oògùn tí wọn kò bá sì fọwọ́ sí, ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè rí dájú ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Codex, tó ń gbé òdiwọ̀n oúnjẹ kalẹ̀ fún ayé, tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ dá sílẹ̀, gba 7 mílígíráàmù láàyè nínú kílò àlìkámà kan, ó sì gba iye kan náà nínú ìrẹsì tí a kò tíì bó. Ẹni tó bá kà á dé ibí yìí lè rò pé 4.6 kò burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ka ìyókù: ìgbìmọ̀ kan náà kò gbà ju 1.5 lọ nínú ìrẹsì tí a ti bó èèpo rẹ̀, kò sì gbà ju 0.15 lọ nínú ìrẹsì funfun tó ń dé inú ìkòkò wa. Ara èèpo ni oògùn náà pọ̀ sí, èèpo yẹn ni ìgbìmọ̀ náà sì ń rò mọ́ ọn nígbà tí ó gba 7. A máa ń bó ẹ̀wà tí a fẹ́ fi ṣe àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí gbẹ̀gìrì, ṣùgbọ́n tèèpo tèèpo ni à ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn, ẹ̀wà olóyin àti àdàlú. Àwọn tó ṣòfin ní Yúróòpù sọ ìdí mìíràn pẹ̀lú: iye tí wọ́n ń bá lára ẹ̀wà náà ju ìwọ̀n tí àjọ wọn tó ń rí sí ààbò oúnjẹ, EFSA, gbà pé ènìyàn lè jẹ lóòjọ́ kan láìsí ewu, ó sì jù ú lọ gidigidi. Ní tèmi, mo gbà pé 0.01 le, mo sì tún gbà pé wọn kò ṣìnà bí wọ́n ṣe dá 4.6 padà.

Ewu náà kì í ṣe ohun àfinúrò. Nínú ara kòkòrò àti nínú ara ènìyàn bákan náà, èròjà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi òpin sí àṣẹ tí iṣan bá ti gbà, kí iṣan náà lè sinmi. Dichlorvos a máa de èròjà yìí mọ́lẹ̀, iṣan a sì máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró: itọ́ yóò máa dà, òógùn yóò máa bò, ẹyinjú yóò sún kì, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀ lé e, bí ó bá sì pọ̀, mímí yóò dáwọ́ dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí ìpele Ib, ìpele àwọn oògùn apakòkòrò tí ewu wọn ga. Láti ọdún 1991 ni àjọ tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé, IARC, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn náà. Ìwọ̀n kékeré tó ń wà nínú ẹ̀wà lè má dá ẹnikẹ́ni gúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tí wọ́n ń fún ní ẹ̀wà lójoojúmọ́ kò wọ̀n tó àgbàlagbà, ohun tó wà nínú abọ́ rẹ̀ sì pọ̀ fún ara rẹ̀ ju bó ṣe pọ̀ fún bàbá rẹ̀ lọ.

Sísè ń dín in kù. Omi àti iná jọ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò bá ooru lọ, díẹ̀ yóò túká nínú omi, a sì ti rí i pé omi tó dà bí omi eérú ń yára là á, kán-ún tí àwọn ìyá wa ń fi sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀ sì ń sọ omi ìsebẹ̀ di irú omi bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí o. Ẹni tó ń se ẹ̀wà kò mọ ìwọ̀n tí wọ́n dà sí i, ooru tó ń jáde nínú ìkòkò sì ń wọ imú ẹni tó dúró tì í. Rírẹ ẹ̀wà, dída omi rírẹ náà nù àti fífi omi mìíràn sè é ṣì jẹ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni pé ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀ jẹ́ ìwọ̀nba kékeré nínú ẹ̀wà wa. Nàìjíríà ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbìn. Ilé ìkẹ́rùsí kan náà, ọjà kan náà, ọwọ́ kan náà ló ń pèsè ẹ̀wà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti ẹ̀wà tó lọ sí ilé oúnjẹ ọmọ ilé ìwé. Èyí tó dé etíkun Yúróòpù ní ẹ̀rọ tó yẹ̀ ẹ́ wò; èyí tó dé Bódìjà kò ní. Fún ìdí yìí, àwọn ìròyìn tó ka òfin náà sí àdánù owó òkè òkun nìkan kò dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ìjọba kò jókòó tẹtẹrẹ pátápátá. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n lè fi òpin sí dídá ọjà oko wa padà, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ẹnubodè, NAQS, sì wà lára wọn. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, fòfin de títa dichlorvos nínú ìgò tí kò tó lítà kan. Àwọn tó ń fi í gbẹ̀mí ara wọn wà lára ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ṣíṣì í lò lára oúnjẹ. Ìgbésẹ̀ náà dára, nítorí pé igò kékeré ló jẹ́ kí oògùn oko di ohun èlò inú ilé. Ṣùgbọ́n kò kan ilé ìkẹ́rùsí ńlá tó lè ra lítà kan tàbí mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bu oògùn láti inú igò ńlá sínú kékeré, bí àwọn tó ń po ọtapiapia ti máa ń ṣe tipẹ́.

Ohun tó lè gba ipò oògùn náà ti wà nílẹ̀ kí Yúróòpù tó bínú. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àpò onípele mẹ́ta kan, tí a mọ̀ sí àpò PICS lónìí: ọ̀rá méjì tó nípọn ní inú, àpò lílágbára tí a hun ní ìta. Nígbà tí a bá so ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà yóò mí èyí tó pọ̀ nínú atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ tán. Yóò ṣíwọ́ oúnjẹ jíjẹ, kò sì ní lè ṣe omi tí ara rẹ̀ nílò, nítorí pé atẹ́gùn ló fi ń sọ oúnjẹ di omi nínú ara. Yóò gbẹ kú. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń gbé àpò yìí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí wa lórí pípa irè oko mọ́, NSPRI, tí olú rẹ̀ wà ní Ìlọrin, náà ń ṣe àgbá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ó sì ní lẹ́búlẹ́bú erùpẹ̀ kan tó ń ha ara kòkòrò títí yóò fi gbẹ. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni ní láti ka ọjọ́ kí àṣẹ́kù rẹ̀ tó tán.

Àpò onípele mẹ́ta yìí bá àgbẹ̀ mu, ó sì bá olówò ńlá mu, nítorí pé àwọn méjèèjì lè so ẹnu rẹ̀ kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Kò bá ìyá tó ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà lójoojúmọ́ mu, nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá ṣí i ni atẹ́gùn tún ń wọlé, tí kòkòrò tó kù ń sọjí. Ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọwọ́ ìkẹyìn kí ẹ̀wà tó dé inú ìkòkò. Oògùn tí òun bá dà sí i ni àkókò kò ní sí fún láti dínkù. Ó nílò ohun èlò kékeré tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí kò ju ẹ̀wà tó lè tà ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ní iye owó tí èrè orí kóńgò lè san. Ó tún nílò kí ẹni tó ta odindi àpò fún un kọ ọ́ sára àpò náà bóyá wọ́n ti da oògùn sí i, àti ọjọ́ tí wọ́n dà á. Àwọn àjọ tí mo dárúkọ lókè ti ṣe púpọ̀ nípa ẹ̀wà tó ń lọ sókè òkun. Ìyá yìí ni kí wọ́n tún kọjú sí.